Ẹṣin Wa Ló Ta Táǹkì Alùpùpù Ìjọba Nípàá

Ha Ramokoatsi,
Lórí òkè,
Ọjọ́ Tọ́sìdé.

Keneuoe ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ilé tí o ń sùn, àlàáfíà fún ẹ̀rọ ìránṣọ tí o ń jókòó tì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún ọ lọ́wọ́. Mo kí ọ kú òtútù Maseru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù tiyín yẹn, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ẹnu nìkan ni kò dùn ún, nítorí náà ara rẹ̀ le. Yìnyín ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àgùntàn mẹ́ta kú, mẹ́rin bímọ, ògiri ilé ìdáná ya díẹ̀, a sì ti fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Ìròyìn ilé nìyẹn.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé o pe fóònù títí, n kò gbé e. Má bínú. Igba maloti tí o fi ránṣẹ́ ló fà á. Nígbà tí mo rí i pé owó ti wọ inú fóònù, mo ní kí n má sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rárá, kí ọ̀rọ̀ má baà máa jẹ owó náà díẹ̀díẹ̀. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bó bá ti ń dún, mo máa ń sọ fún ìyá rẹ pé ká ní sùúrù, owó ló wà ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin tó wà ńbẹ̀ ní, Ntate, bàbá mi, ẹ ò bá sọ̀rọ̀ di ọdún tó ń bọ̀, owó yín ò ní dín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Mo gba owó mi, n kò bá a rín in.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo fi ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí n kò lè sọ nínú fóònù, torí ọ̀rọ̀ fóònù á kọ́kọ́ gba orí òkè kọjá kó tó dé Maseru, gbogbo àwọn tó ń da ẹran lókè níbẹ̀ á sì ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Moeketsi àbúrò rẹ ni. Iṣẹ́ náà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀la ọjọ́ Fúráìdé. Ó rò pé òun lòun jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi.

O mọ alùpùpù funfun tí wọ́n gbé fún un ní kílíníìkì, èyí tó ga, tí táyà rẹ̀ ní eyín, tó fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ńlá ní ìsàlẹ̀. O tún mọ̀ pé ó fọ́ iná iwájú rẹ̀ nígbà ìkórè, ọ̀gá wọn ní Maseru sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá náà ní bó bá tún ba nǹkan kan jẹ́ lára máṣìnnì nínú ọdún yìí, kó gbé búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó máa lọ sílé. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni méjì. Nǹkan tó sì bàjẹ́ báyìí ni táǹkì epo, tí kì í ṣe irin bí mo ṣe rò, ike ni. Mo bi Moeketsi pé báwo ni ìjọba ṣe máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo lé èèyàn láàárín ẹsẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kó lè fúyẹ́.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bàjẹ́. Ìwọ náà mọ bí olè ẹran ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni Moeketsi máa ń fi alùpùpù yìí sí, níta gbangba, ara mi kò sì lélẹ̀. Nǹkan tí èèyàn bá ń gùn, inú ọgbà òkúta ló yẹ kó máa sùn, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Nítorí náà ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ti iṣẹ́ dé tó ti wọlé lọ jẹun, mo rọra tì í wọnú ọgbà, mo fi okùn ìjánu so ó mọ́ òpó, mo dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phakoe. Ẹṣin yẹn kò fẹ́ràn rẹ̀ látìgbà tó ti dé, etí ló máa ń ká sẹ́yìn bó bá rí i. Mo ní bí wọ́n bá sùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mọ òórùn ara wọn, ìjà á tán. Mo tiẹ̀ tún fi búláńkẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ bo alùpùpù náà nítorí yìnyín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn bẹntiróòlù ló kí mi lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Búláńkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Phakoe kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń jẹ koríko bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí ojú pátákò lára ike náà, mo sì rí ibi tó ti là nísàlẹ̀, ó gùn tó ìka àárín mi, epo ń kán sórí ìgbẹ́ ẹran. Keneuoe, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tì í padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo fi ẹ̀wù nu ojú pátákò náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó sórí òkúta, mo ń wá bí n óò ṣe sọ ọ́ fún un.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ tó dáa, ó ti jáde. Ó gbóòórùn, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ lérí. Ó ní Ntate, òkúta odò yẹn ni. Ó ní òun yọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọdá lánàá, òun àti máṣìnnì jọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òun rò pé kò ṣe nǹkan, àṣé òun ti fọwọ́ ara òun já oúnjẹ lẹ́nu ara òun. Mo la ẹnu. Mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Táǹkì tuntun, òkè òkun ló ti ń wá, oṣù mẹ́ta. Moeketsi ní bí òun bá gbé máṣìnnì dé Maseru pẹ̀lú táǹkì tó ti san, bóyá ọ̀gá á ṣíjú àánú wo òun. Nọ́ọ̀sì wa, Ọlọ́run bù kún un, ní òun á dákẹ́ di Fúráìdé ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kó fúnra rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù ìjàǹbá lọ. Ó fún un ní méjì, bóyá á ṣi ọ̀kan kọ.

La bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ọṣẹ ni Moeketsi kọ́kọ́ lò, ọṣẹ ìfọṣọ lásán. Ó ń fi í ra ojú ibi tó là, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé, epo sì dá lóòótọ́. Ó ní ọṣẹ máa ń gbé èèyàn délé. Ó gbé e dé ìdajì òkè kejì, epo tún ń kán sí bàtà rẹ̀, ó tì í padà wá. Ó tú táǹkì sílẹ̀, ó da epo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí kílíníìkì.

Bó ṣe lọ tán, ìyá rẹ wo táǹkì náà yípo, ó ní kí ló wá le ńbẹ̀, ṣebí ìkòkò tó ń láàgùn ni. Ó ní bí ìkòkò ọtí bá ń láàgùn, kí la máa ń ṣe, ṣé a kì í da ẹ̀kọ ọkà bàbà sínú rẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, torí ìkòkò rẹ̀ kì í jò. Èmi fúnra mi ni mo di táǹkì mú. Ó da ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, ó kún dé ọrùn, a gbé e sóòrùn. Ó sì dí. Kò kán rárá. A jókòó tì í, inú wa dùn, ìyá rẹ tiẹ̀ ní iye owó tí wọ́n ń san fún mẹkáníìkì yìí, ó pọ̀ jù. Ìgbà tí Moeketsi dé tó ṣí ìdérí, ó wo inú rẹ̀. Ó ní, 'M'e, ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti fún un lóúnjẹ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi yẹn.

Odindi ọjọ́ kan la fi fọ ẹ̀kọ kúrò. Omi gbígbóná, ọṣẹ, òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, à ń mì í kiri àgbàlá. Lẹ́yìn ìyẹn la ra gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní ó lè lẹ apá ọkọ̀ òfuurufú. Ó gbẹ dáadáa. Mo fi èékánná kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ ṣí kúrò lódindi.

Ìgbà yẹn la wá ránṣẹ́ sí Ntate Sebolai, ẹni tó ń tún bàsíà àti dúrọ́ọ̀mù omi ṣe lódìkejì odò. Ó fi imú sí ẹnu táǹkì, ó ní ta ló ń se ẹ̀kọ níbí? Kálukú wa wo ibòmíràn. Ó ní gọ́ọ̀mù kì í mú irú ike yìí, ike ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń gbà, tí a bá yọ́ wọn pọ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ lábẹ́ táǹkì, ó jù ú sómi, ó léfòó. Ó fi iná sun ún, ó ń rùn bí àbẹ́là. Ó tún ha kẹ́ẹ̀gì omi ìyá rẹ, òun náà léfòó, òun náà rùn bí àbẹ́là. Ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe ya kẹ́ẹ̀gì ìyá rẹ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Sebolai kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé iná sún mọ́ táǹkì náà títí á fi sá lóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, torí òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ nìkan lè bú gbàmù kó ṣí òrùlé lọ. Nígbà tó gbẹ, ó yí ibi tó là sókè, ó rọ omi sínú rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ojú ibẹ̀, kí òórùn má rí àyè jókòó sí. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ike sí i ni mo ní kó dúró. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu òkúta nínú ihò wúrà, bí nǹkan ṣe ń là, mo mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá lu ihò róbótó sí orí àti ìdí ibi tó là, á máa rìn lọ lábẹ́ ohun tí o bá fi bò ó. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Sebolai ní hẹn, bàbá yìí mọ nǹkan. Moeketsi sì wò mí, ojú rẹ̀ tàn bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Keneuoe, ojú tó fi wò mí yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn títí di òní.

Irin tí Sebolai fi ń yọ́ ike ti dá sí méjì, nítorí náà irin tí a fi ń sàmì sára ẹran wa ni mo gbé fún un. A tì í bọ inú iná, kò gbọdọ̀ pọ́n, kó kàn gbóná tó láti yọ́ ike ni. Ó fi yọ́ etí méjèèjì wọ inú ara wọn, ó tẹ wáyà asẹ́ tíì wa wọlé kó lè di ibẹ̀ mú, ó wá ń yọ́ ike kẹ́ẹ̀gì lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ó nípọn, ó dán. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ irin náà kanlẹ̀ ní ìkẹyìn, àmì wa jáde síbẹ̀ gbangba gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní itan Phakoe. Ìwọ náà sì mọ òfin, ohun tó bá ní àmì ẹni lára, ti ẹni ni. Mo ti di ẹni tó ní alùpùpù ìjọba. Mo ti kọ ìwé kékeré kan sínú àpòòwé yìí pé mo dá a padà fún ìjọba tọkàntọkàn, pé n kò bá wọn du ú, kí ọlọ́pàá má baà mú ọmọ mi lọ́nà.

Ọjọ́ méjì ni omi fi wà nínú rẹ̀, kò jò. Lẹ́yìn náà a da epo sí i, mo ku eérú sábẹ́ rẹ̀, eérú náà gbẹ títí di àárọ̀ yìí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Phakoe ló ń gbé kúlà ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ Tọ́sìdé tó kọjá àti lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi ni mo gùn ún, wákàtí márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bàjẹ́. Mo ń sọ fún un lójú ọ̀nà pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lò ń jẹ, ó sì ń mi etí.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló wá kù. Mo rí èyí tí Moeketsi kọ lórí tábìlì. Ó kọ ọ́ pé, mo ṣubú ní odò, ẹ̀bi mi ni. Ó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ti dára sí i gan-an. Mo bá mú fọ́ọ̀mù kejì, mo kọ tèmi. Wọ́n bèèrè orúkọ ẹni kejì tí ìjàǹbá náà kàn, mo kọ Phakoe. Wọ́n ní ṣé ó ní ìwé àṣẹ, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi ìwé ẹran rẹ̀ sínú àpòòwé yìí, èyí tí baálẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí. Wọ́n ní báwo ló ṣe ń sáré tó nígbà náà, mo kọ pé ó dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan ló rìn. Wọ́n ní ṣé ó ti mu ọtí, mo ní ẹṣin kì í mu ọtí, èmi ni mo mu ife kan, mi ò sì fi pa mọ́. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gba pátákò, mo bá a fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ta ló jẹ̀bi, mo kọ orúkọ ara mi lódindi.

Bí ọ̀gá náà bá ní òun máa gba ẹṣin dípò, bí baálẹ̀ wa ì bá ṣe dá ẹjọ́ rẹ̀, kó gbà á. Ìwé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹṣin tó gbé ìyá rẹ lọ bí Moeketsi kọ́ lèyí, ìyá Phakoe nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ fà á jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó sì máa dùn mí. Sọ fún ọ̀gá pé kó dúró kí koríko hù, ojú á tì mí láti fi ẹṣin gbígbẹ lé ìjọba lọ́wọ́. Kó má sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù.

Owó tí a nílò kò pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì tuntun kan fún ìyá rẹ, kí àlàáfíà lè padà sílé. Asẹ́ tíì kan, torí ewé tíì la ń jẹ báyìí. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi ra bàtà fún ara rẹ. Ọlọ́run kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìlú yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Wàá rí ojú rere níwájú àwọn ọ̀gá rẹ, ìwọ àti àbúrò rẹ.

Moeketsi ló gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ. Mo lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n bí n kò bá tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí i, torí orúkọ rẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn. Fún un lóúnjẹ kó jẹ yó. Lẹ́yìn náà, kó tó jáde lọ sí ọ́fíìsì, gba fọ́ọ̀mù tó wà lápò rẹ̀, fi tèmi sí ipò rẹ̀, kí o sì ka lẹ́tà yìí sókè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lèmi àti ẹ̀ fi jọ ń jẹun nínú àwo kan, n kò rí ẹnu sọ ọ́.

Moeketsi ọmọ mi, kì í ṣe odò. Kì í ṣe ìwọ. Má bínú sí mi.

Èmi ni bàbá yín,
Tankiso Letooane.